Ẹ̀jẹ́ Magdalene Nínú Odi Oníràwọ̀

Lọ́jọ́ tí Magdalene Adéyanjú sọ fún àwọn ará ìjọ rẹ̀ pé Japan lòun fẹ́ lọ fi ṣe àjọ̀dún àádọ́rin ọdún òun, ńṣe ni gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, inú ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá River Road ní Barking, nílẹ̀ Òyìnbó, ni wọ́n ti ń jọ́sìn, àwọn tó ń ta táyà wà lápá ọ̀tún wọn, àwọn tó ń tún fìríìjì ṣe wà lápá òsì. Gbogbo wọn ti fọkàn sí i pé Jerúsálẹ́mù ni ìyá máa dárúkọ. Wòlíì Sylvanus tó jẹ́ olùṣọ́ ìjọ tilẹ̀ ti ń ro iye ìgò omi Jọ́dánì tí ìyá lè rù bọ̀.

"Japan kẹ̀?" ni wòlíì bi í. "Ìyá wa, kí ló wà ní Japan?"

"Ìràwọ̀ kan ló wà níbẹ̀, Bàbá. Ó tẹ́ sílẹ̀, omi sì yí i ká."

Wòlíì wò ó, ó wo àjà, ó ní kí wọ́n dá orin. Kò sẹ́ni tó ń bá ìyá yìí jiyàn. Ó lé ní ogún ọdún tó fi wa bọ́ọ̀sì nígboro Barking kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu sísọ fún ọ̀mùtí pé kó sọ̀ kalẹ̀, ó ti mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ á fi tán.

Ohun tí Magdalene kò sọ fún wòlíì ni ohun tó ti ń wù ú láti sọ fún ẹnì kan láti bí ọdún mélòó kan. Nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, ó mú Moṣọpẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ẹni tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé nọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n fi ẹ̀rọ sí i nímú, wọ́n sì ní ìyá ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ìyá wà nílé rẹ̀ ní Rippleside, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ, ìjókòó ò gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ojú ẹ̀mí rẹ̀ ṣí. Ó rí ìràwọ̀ onígun márùn-ún tó tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní, koríko bò ó, omi yí i ká, Moṣọpẹ́ sì jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Kò wúkọ́, kò mí hẹlẹhẹlẹ, ọsàn ló ń jẹ. Ibẹ̀ ni Magdalene ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ní, "Olúwa, bí O bá dá ọmọ yìí padà fún mi, tí O sì jẹ́ kí n fojú kan ibí yìí, ẹsẹ̀ lásán ni n ó fi tẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti fi dúpẹ́."

Ọlọ́run dá ọmọ padà. Ibi tí ìràwọ̀ náà wà ló kù. Magdalene wá a nínú Bíbélì, kò rí i. Ó bi àwọn aríran ìjọ, ọ̀kan ní ọ̀run ni, ọ̀kan ní Saudi ni. Àfi lọ́jọ́ kan tó ń jẹ ẹ̀wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń fi àwọn ọgbà ìgbafẹ́ káàkiri ayé hàn, tí wọ́n gbé kámẹ́rà sókè ìlú kan tó ń jẹ́ Hakodate. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìràwọ̀ ọ̀hún rèé! Ọ̀gbẹ́ni inú tẹlifíṣọ̀n ní Goryokaku lorúkọ rẹ̀, pé odi ogun ni tẹ́lẹ̀, láyé àtijọ́ tí wọ́n mọ ọ́n láti fi dáàbò bo ìlú, àmọ́ ó ti di ọgbà tí tọmọdé tàgbà ti ń gbafẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Ti Magdalene kò sí lápò kankan o, ó kọjá Sókótó lọ fíìfíì.

Moṣọpẹ́ ló ti ṣèlérí pé ibikíbi tí ìyá òun bá fẹ́ lọ nígbà tó bá pé àádọ́rin ọdún, òun á mú un lọ. Inú rẹ̀ dùn sí Japan ju Jerúsálẹ́mù lọ, torí ó mọ̀ pé Jerúsálẹ́mù ò ní ṣàì la aṣọ funfun lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí Moṣọpẹ́ wà níléèwé girama, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń wọ sùtánà funfun, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán dúró de bọ́ọ̀sì ní Ripple Road, òjò ni o, yìnyín ni o. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọjá, wọ́n rí i. Láti ọjọ́ kejì títí tó fi jáde níléèwé, "Ghost" ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó dàgbà, ó bá ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì lọ, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Aaron, wọ́n sì ń gbé ní Dagenham East. Kì í bú ìjọ ìyá rẹ̀, àmọ́ kì í débẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti dárúkọ ìran, á yí ọ̀rọ̀ padà.

"Màmi," ló wí lọ́jọ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, "condition kan ṣoṣo ni mo ní. Kò sí sùtánà, kò sí agogo, kò sí bare feet. It's a holiday. Ẹ wọ bàtà yín bíi ti gbogbo èèyàn."

"Mo gbọ́."

Ẹni tó bá mọ àwọn ìyá wa mọ̀ pé "mo gbọ́" kì í ṣe "mo gbà". Moṣọpẹ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Màmi, ẹ sọ pé ẹ gbà. Please. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún máa wò wá."

Ojú tí ọmọ fi wò ó kì í ṣe ojú nọ́ọ̀sì, ojú ọmọ iléèwé tó dúró nínú òjò ni. Ọkàn ìyá rọ̀. "Mo gbà," ló wí. Bí Magdalene ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ de ara rẹ̀ nìyẹn. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run, ó ṣèlérí fún ọmọ, ẹsẹ̀ méjì péré ló sì ní.

Ẹ wo ìrìn àjò! Kí bàálù tó gbéra rárá ni inú ìyá ti ń dùn bíi ti ọmọdé ọjọ́ Kérésì. Nígbà tí wọ́n dé Tokyo tí wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí ìjì, ìyá kọ̀, kò sùn. Ojú awakọ̀ ló fi ń wo gbogbo nǹkan. Bí ọkọ̀ bá dúró ní ibùdókọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣe déédéé pẹ̀lú àmì tí wọ́n kùn sílẹ̀, kò ní fi ìka kan yẹ̀.

"Ṣọpẹ́, o rí ìyẹn? O rí bó ṣe tẹ búréèkì? Omi inú ife mi ò mì! Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá wa ní depot wá síbí wá kọ́ṣẹ́."

"Màmi, ẹ fara balẹ̀."

"Mo fara balẹ̀! Ta ló ní mi ò fara balẹ̀?" Ó sì dìde dúró láti wo wíńdò òdìkejì.

Nígbà tí wọ́n kéde pé ọkọ̀ ti wọ ihò abẹ́ òkun, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní ẹsẹ̀ làwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi rìn ín, àwọn rèé lórí àga. Moṣọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìyá ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, Moṣọpẹ́ ra omi, ó ra búrẹ́dì, ó ra ìpanu oríṣiríṣi sínú ọ̀rá, ó ki gbogbo rẹ̀ bọ inú báàgì rẹ̀ tó ti wúwo bíi ti ẹni tó ń kó kúrò nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ràn, àmọ́ atẹ́gùn tutù bí inú fìríìjì. Ilé gogoro kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà tí èèyàn ń gùn láti wo ìràwọ̀ látòkè, torí ẹni tó bá wà nílẹ̀ kò lè mọ̀ pé inú ìràwọ̀ lòun wà. Lífìtì gbé wọn lọ sókè fìrì. Magdalene sún mọ́ gíláàsì, ó wo ilẹ̀.

Òun rèé. Igun márààrún pé. Omi yí i ká, ó ń dán, àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké sì ń lọ lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn igi ṣẹ́rì ń tanná káàkiri etí rẹ̀, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, òdòdó wọn funfun, ó tún pọ́n díẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Magdalene ò mọ ìgbà tó ké.

"Yéè! Òun ni! Òun náà ni! Ẹ ṣeun, Bàbá! Òun gan-an nìyí!"

Àwọn arúgbó ọmọ Japan tó wà nítòsí yíjú sí i. Ọ̀kan nínú wọn rò pé òdòdó ló mú ìyá náà ké, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì bá a pa á.

"Màmi! Volume!" ni Moṣọpẹ́ wí, àmọ́ òun náà ti fi imú kan gíláàsì. "Oh my days. Màmi, ẹ wo bó ṣe rí. It's actually a star!"

"Kí ni mo ti ń sọ fún ẹ?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan fún mi o. Ẹ kàn ní Japan ni."

Òótọ́ ni. Magdalene ń wo ilẹ̀ tó máa tẹ̀.

Afárá ni wọ́n gbà wọ inú odi. Bí wọ́n ṣe gun orí rẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó wo omi inú yàrà náà, ó rántí Erédò, yàrà ńlá tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ yí Ìjẹ̀bú ká, ó ní ọgbọ́n kan náà ló wà lórí àwọn àgbà ibi gbogbo. Òun náà bá dá ọgbọ́n tirẹ̀.

"Ṣọpẹ́, bàtà yìí ń ta mí lẹ́sẹ̀. Jẹ́ n bọ́ ọ díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí báàgì, ó mú pílásítà jáde, ó mú fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sábẹ́ gìgísẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣe láàárín èrò. "Ó ti tán. How's that?"

"Ó ti dáa," ni ìyá wí, inú rẹ̀ ò sì dùn rárá.

Wọ́n tún rìn díẹ̀. "Ooru ń mú mi lẹ́sẹ̀ o, Ṣọpẹ́." Èéfín òtútù ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Màmi, it's freezing. Kí lẹ ń ṣe gan-an?"

"Kò sí o."

Wọ́n dé ibi pátákó kan tí wọ́n kọ ìtàn odi náà sí lédè Japan àti lédè Gẹ̀ẹ́sì. Moṣọpẹ́ ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Wọ́n mọ odi náà nítorí ẹ̀rù àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó yá, ogun abẹ́lé dé, àwọn ọmọ ogun kan wá fi ibẹ̀ ṣe ibi ààbò. Àwọn ọ̀tá yìnbọn lù wọ́n látorí òkun, ọta ń bọ́ sínú odi. Níkẹyìn, àwọn tó wà nínú rẹ̀ túúbá.

"Wọ́n túúbá?" Magdalene dúró gbọin. "Ọ̀tá wọlé?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. They lost."

Magdalene tún wo pátákó náà. Látìgbà yìí wá, ó ti gbà pé ibi tí ọ̀tá kan kò lè wọ̀ ni wọ́n fi ọmọ òun sí. Kí ló wá dé tó jẹ́ odi tó ṣubú ni wọ́n fi hàn án? Àbí ibí kọ́? Àbí tẹlifíṣọ̀n lòun fi tan ara òun jẹ, tóun fi wọ́ ọmọ òun la òkun kọjá? Ó ń rìn lọ, kò rí òdòdó mọ́. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé onígi ńlá tó wà láàárín ọgbà, ilé tí àwọn aláṣẹ ìlú ti ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un tí wọ́n tún kọ́ lákọ̀tun, ó ti fẹ́ ní kí wọ́n padà sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹrí ba fún wọn, ó nawọ́ sí bàtà ìyá, ó nawọ́ sí pẹpẹ onígi kan tí wọ́n to bàtà sí lọ súà, ó tún tẹrí ba.

"Kí ló wí?" ni ìyá bi ọmọ.

Moṣọpẹ́ wo bàtà ìyá rẹ̀, ó wo pẹpẹ yẹn. "Ó ní ká bọ́ bàtà," ló wá wí.

"Ta ni kó bọ́ ọ?"

"Gbogbo èèyàn, Màmi. Wọn kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀."

Magdalene yọjú wo inú ilé. Àwọn ọkùnrin oníkóòtù, àwọn ìyá arúgbó, àwọn tọkọtaya, gbogbo wọn ń rìn lórí pákó tó ń dán láìwọ bàtà, ẹnikẹ́ni ò sì wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e.

"Ṣọpẹ́! Gbogbo wọn! Wo ẹsẹ̀ gbogbo wọn!" Ó ti bọ́ bàtà kí ọkùnrin yẹn tó tún tẹrí ba. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti san án! Mi ò jẹ ẹnì kankan ní gbèsè mọ́. Ẹ ṣeun, Bàbá!"

Moṣọpẹ́ jókòó tì í. "Ẹ san kí ni? Màmi, talk to me."

Ni ìyá bá sọ ọ́. Ó sọ nípa àárọ̀ ọjọ́ yẹn àti wíńdò Rippleside, ó sọ nípa ìràwọ̀ tó tẹ́ sílẹ̀ àti omi tó yí i ká àti Moṣọpẹ́ láàárín rẹ̀, ó sọ nípa ẹ̀jẹ́. Ó fẹ́ máa sọ ohun tí Moṣọpẹ́ ń ṣe nínú ìràwọ̀ náà, àmọ́ ọmọ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Nígbà tí mo wà lórí oxygen?"

"Nígbà yẹn ni. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Kí ni kí n ṣe?" Ohùn ìyá wálẹ̀. "Àmọ́ mo gbọ́ ohun tó o kà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ọ̀tá wọlé. Bóyá mi ò rí nǹkan kan. Bóyá ẹ̀rù ló kàn bà mí."

Ìyá ti ń retí kó yí ọ̀rọ̀ padà, kó béèrè ibi tí wọ́n á ti jẹun ọ̀sán.

"Màmi, ó wọlé," ni Moṣọpẹ́ wí. "Àìsàn yẹn wọlé sí mi lára dáadáa. Ó débi pé èmi náà túúbá. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ pé kó bá mi kí yín, pé kó sọ fún yín pé ẹ má bínú. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí. Àmọ́ mo ṣì wà. Ibí yìí náà, wọ́n yìnbọn lù ú, ẹ wo bó ṣe ń tanná."

Ìyá fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ èjìká, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn aláṣẹ, ọkùnrin oníkóòtù búlúù sì rọra wo ibòmíì. Nígbà tó yá, ìyá fi etí aṣọ nu ojú.

"Ó dáa. Ẹ̀jẹ́ ti kúrò lọ́rùn mi. Jẹ́ ká wọlé."

"Ẹ ò tíì san nǹkan kan," ni Moṣọpẹ́ wí.

"Kí lo wí?"

"Kí lẹ sọ fún Ọlọ́run? Ẹ ní ẹsẹ̀ lásán lẹ máa fi tẹ ilẹ̀. Pákó nìyí, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ sì tún wọ sọ́ọ̀kì." Ohùn tó fi ń sọ fún aláìsàn pé kó lo oògùn rẹ̀ tán ló fi ń sọ ọ́. "Èmi ni wọ́n torí ẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn. Ẹ ò ní fi half price san án. Ẹ dìde."

Ẹni mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, àmọ́ Magdalene kò lérò pé ọmọ yìí máa rò ó débẹ̀. "Ìlérí tí mo ṣe fún ẹ ńkọ́?"

"Mo ti dá a padà fún yín."

Moṣọpẹ́ kó bàtà dání, ó fa ìyá rẹ̀ lọ síbi tí koríko ti tẹ́ lọ lábẹ́ àwọn igi ṣẹ́rì. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ sọ́ọ̀kì ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí pílásítà tó fi bo egbò tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó bọ́ bàtà tirẹ̀.

"Ṣọpẹ́, ìwọ kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan."

"Mo mọ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n tẹ ilẹ̀. "Yéè! Jésù! Ó tutù!" ni Moṣọpẹ́ ké, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò bí adìẹ tó tẹ eérú gbígbóná, ìyá rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé fóònù sókè. Moṣọpẹ́ rí wọn, kò wo ilẹ̀, ó juwọ́ sí wọn. Magdalene gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́, ó kọ́kọ́ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, nígbà tó yá, ó ń pariwo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ "volume" fún un.

Nígbà tó rẹ ìyá, wọ́n jókòó sórí koríko láàárín ìràwọ̀. Moṣọpẹ́ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó tú ọ̀rá ìpanu tó rà ní ibùdókọ̀, ó mú ọsàn kékeré kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Magdalene wò ó. Kò tíì sọ apá yẹn fún un.

"Kí lẹ ń wò, Màmi? Ṣé kí n fún yín níbẹ̀?"

"Rárá," ni ìyá wí. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Jẹ ẹ́ tán, kí n máa wò ẹ́."